Ìmọ́tótó Ló Pa Á: Ọ̀rọ̀ Nípa BB Kẹ̀kẹ́ Wa

Mo mọ̀ pé àkókò ìsinmi kì í pẹ́ parí, torí náà n ò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ NAPEP o, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ wà wá sí ilé ìwé. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ wọ Ọ̀rìn láti ọ̀nà oko ti gbọ́ ohùn kan rí: “kọ̀, kọ̀, kọ̀” lábẹ́ ẹsẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí pẹ́dà bá lọ sílẹ̀. Ohùn yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi gbọ́ ọ, tí mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ ṣe ìdánwò Kẹ́mísìrì ní táàmù tó kọjá, mo dìde dúró lórí pẹ́dà kí n lè rí agbára gun òkè. Nǹkan kan dún “gbà!” lábẹ́ mi. Pẹ́dà kọ̀, kò yí síwájú, kò yí sẹ́yìn. Mo fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ náà dé ilé ìwé. Nígbà tí mo fi máa wọlé, àwọn ẹgbẹ́ mi ti wà ní ìbéèrè kẹta. Olùkọ́ jẹ́ kí n jókòó, ṣùgbọ́n aago kò dúró dè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní iye tí mo gbà.

Inú bí mi gan-an. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gba fóònù màámi, mo pe Bọ̀dá mi ní Èkó, àwọn ló ra kẹ̀kẹ́ náà fún mi. Mountain bike ni, tòkunbọ̀, ó ní gíà, táyà rẹ̀ nípọn. Mo sọ fún wọn pé ayédèrú ni wọ́n tà fún wọn, pé kẹ̀kẹ́ òkè tí kò lè gun òkè Èkìtì kì í ṣe kẹ̀kẹ́ òkè. Bọ̀dá ò bínú. Wọ́n kàn dákẹ́, wọ́n ní, “Ó dáa, n óò wá nǹkan ṣe sí i.” Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn dùn mí ju kí wọ́n bú mi lọ.

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́: irọ́ ni mo pa mọ́ kẹ̀kẹ́ náà. Èmi gan-an ni mo bà á jẹ́, ìmọ́tótó ni mo sì fi bà á jẹ́. Ẹ ó lóye rẹ̀ láìpẹ́.

KÍ NI WỌ́N Ń PÈ NÍ BB?

Ẹ wo ibi tí apá pẹ́dà méjèèjì ti pàdé. Ẹ ó rí páìpù kúkúrú kan tó dùbúlẹ̀ ní ìbú nísàlẹ̀ férémù. Ibẹ̀ ni páìpù tó ti iwájú sọ̀kalẹ̀, èyí tó gbé ìjókòó dúró, àti àwọn méjì tó lọ sẹ́yìn ti so pọ̀. Ohun tó wà nínú páìpù kúkúrú yẹn ni ìwé ń pè ní bottom bracket. BB ni n óò máa pè é.

Láàárín rẹ̀ ni ásùlù wà, irin tí apá pẹ́dà ọ̀tún àti ti òsì dì mọ́ ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Ásùlù yìí kò gbọdọ̀ fara kan páìpù rárá. Bọ́ọ̀lù irin kéékèèké ló gbé e dúró lọ́tùn-ún àti lósì. Àwọn bọ́ọ̀lù náà ń yí nínú irin kan tó jin bí kọ́ọ̀pù, tí a yí mọ́ ẹnu páìpù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nínú BB àtijọ́, bọ́ọ̀lù 11 ló máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 22 lápapọ̀. Ìdámẹ́rin ínṣì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀, ìyẹn bíi mílímítà 6.35. Kò tó hóró ẹ̀wà olóyin kan tó yó dáadáa. Gíríìsì ló sì yí gbogbo wọn ká.

Kí nìdí tí wọ́n fi lo bọ́ọ̀lù? Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe Físíìsì mọ̀ ọ́n: ohun tó ń yí kì í ha ara bí ohun tí a ń wọ́. Ẹni tó bá ti rí àwọn onígẹdú nínú igbó mọ̀ ọ́n náà. Wọn kì í wọ́ ìtì igi nílẹ̀ lásán bí wọ́n bá lè tẹ́ igi roboto sábẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ní ọdún 1883, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Friedrich Fischer, ní ìlú Schweinfurt, ṣe ẹ̀rọ kan tó ń lọ bọ́ọ̀lù irin títí gbogbo wọn á fi rí roboto tí ìwọ̀n wọn á sì bára mu. Bí ọ̀kan bá tóbi ju àwọn yòókù lọ, òun nìkan ni yóò ru ẹrù gbogbo ilé. Ìdí nìyẹn tí atúnkẹ̀kẹ́ṣe tó mọṣẹ́ kì í fi bọ́ọ̀lù tuntun méjì kún ògbólógbòó mẹ́sàn-án. Gbogbo rẹ̀ ló máa pààrọ̀ pọ̀.

IṢẸ́ TÍ Ó Ń ṢE LÓJÚMỌ́

Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀. Táyà mi jẹ́ ínṣì 26. Tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó ti rìn tó mítà méjì. Nínú gíà tí mo máa ń lò jù, bí pẹ́dà bá yí lẹ́ẹ̀kan, táyà ẹ̀yìn á yí lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn mítà mẹ́rin. Láti ilé wa dé ilé ìwé jẹ́ bíi kìlómítà mẹ́ta, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ mẹ́fà. Ẹ pín mítà 6,000 sí ọ̀nà mẹ́rin: ìgbà 1,500 ni ásùlù ń yí lójúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kan, 7,500. Ní táàmù ọlọ́sẹ̀ mẹ́tàlá, 97,500. Lóòótọ́, tí mo bá ń gun òkè, pẹ́dà ń yí ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí mo bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, kì í yí rárá. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ọ̀kan pa èkejì rẹ́.

Ìgbà tó sún mọ́ 100,000 nìyẹn ní táàmù kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ ọ̀tún á tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ òsì á tẹ̀ ẹ́. Ibi tó sì wà ló burú jù lára kẹ̀kẹ́: ó sún mọ́ ilẹ̀, ó wà lẹ́yìn táyà iwájú gan-an, níbi tí ẹrọ̀fọ̀ àti eruku ń fọ́n sí. Síbẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ló ń pa á. Bí gíríìsì bá wà nínú rẹ̀ tí ó sì mọ́, ó lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún ọdún púpọ̀. Ohun tó ń wọlé tọ̀ ọ́ ló ń pa á.

OHUN TÍ BÀBÁ BÁ NÍNÚ RẸ̀

Ní Sátidé, màámi tú owó gààrí tí wọ́n fẹ́ fi ra ìwé fún àbúrò mi, wọ́n kó o fún mi. Wọn ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo rí i bí wọ́n ṣe kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti kẹ̀kẹ́ náà lọ sí Ìdó, lọ́dọ̀ bàbá kan tó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe láti ìgbà tí màámi wà lọ́mọdé.

Nígbà tí Bàbá tú kọ́ọ̀pù apá òsì, omi pupa dà sílẹ̀. N kò sọ pé ó kán o, ó dà ni! Gíríìsì ò sí níbẹ̀ mọ́. Kẹ̀kẹ́ mi ní irin pẹlẹbẹ kan tó di àwọn bọ́ọ̀lù mú bí àgò. Irin yẹn ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, àwọn bọ́ọ̀lù sì ti lọ̀ ọ́ mọ́ra. Òun ló há tí pẹ́dà fi kọ̀ ní ọjọ́ ìdánwò. Ojú ásùlù ti dá ọgbẹ́, ó rí jágajàga.

Bàbá wò mí lójú. “Ọmọ mi, odò wo lo ń wa kẹ̀kẹ́ yìí gbà?”

“N kì í gba odò kankan, sà.”

“Òjò nìkan kò lè ṣe báyìí. Báwo lo ṣe ń fọ̀ ọ́?”

Ìgbéraga ni mo fi dá wọn lóhùn. Mo ní gbogbo Sátidé ni mo máa ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ ọ̀kadà, pé ẹ̀rọ tó ń tu omi pẹ̀lú agbára ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, pé èmi fúnra mi ni mo máa ń sọ fún ọmọ ibẹ̀ pé kó tu omi dáadáa sí àárín pẹ́dà, torí ibẹ̀ ni ẹrọ̀fọ̀ máa ń kó sí.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Wọ́n ní, “O kú ìtọ́jú. Ìbọn omi lo fi yìn ín.”

Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi. BB ní ààbò díẹ̀ tó lè dá omi òjò dúró, gíríìsì fúnra rẹ̀ náà sì ń lé omi. Ṣùgbọ́n omi tí ẹ̀rọ ń fi agbára tu máa ń gba àlàfo tó wà láàárín ásùlù àti kọ́ọ̀pù kọjá. Á wọlé, á gbá gíríìsì dànù, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Ibẹ̀ ló máa jókòó sí. Irin, omi àti afẹ́fẹ́ á pàdé, irin á sì dípẹtà. Ohun tí a kọ́ nínú Kẹ́mísìrì náà nìyẹn. Ẹ tiẹ̀ mọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín títí dòní? Ìbéèrè lórí ìpẹtà wà nínú ìdánwò náà, òun ni n kò ráyè dáhùn.

Bàbá kò dúró níbẹ̀. Wọ́n yọ ìjókòó, wọ́n dojú férémù délẹ̀, omi tún jáde. Ìta ni mo máa ń fi kẹ̀kẹ́ náà sí lóru, lábẹ́ ibi tí omi òjò ti ń kán láti orí páànù. Omi ń gba ẹ̀gbẹ́ irin ìjókòó wọlé, ó ń ṣàn sísàlẹ̀, BB ló sì ń bá pàdé. Àwọn kẹ̀kẹ́ kan ní ihò kékeré lábẹ́ páìpù BB kí irú omi bẹ́ẹ̀ lè jáde. Ti kẹ̀kẹ́ mi wà níbẹ̀, ẹrọ̀fọ̀ gbígbẹ ti dí i pa.

Ẹ̀kẹta ni eruku. Gbogbo wa mọ ilẹ̀ pupa wa àti bí ó ṣe máa ń rí nígbà ọyẹ́. Bí eruku yẹn bá wọ inú gíríìsì, gíríìsì náà kì í ṣe gíríìsì mọ́, ọlọ ni. Irin ló sì ń lọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni dídì. Bí kọ́ọ̀pù bá tú díẹ̀, ásùlù á máa jó nínú ilé rẹ̀. Bọ́ọ̀lù á máa gbá irin bí òòlù, ojú irin á sì máa lu ihò wẹ́wẹ́. Ohùn “kọ̀, kọ̀, kọ̀” tí mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nìyẹn. Bí ó bá sì le jù, bọ́ọ̀lù kò ní ráyè yí, wọ́n á máa ha irin. Ó gbọ́dọ̀ yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kó má sì mì. Bí mo bá ti mú un wá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni, dídì díẹ̀ àti gíríìsì tuntun ni ì bá gbà. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, mo jẹ́ kó dàgbà.

RALEIGH BÀBÁ MI ÀGBÀ

Bí Bàbá ti ń sọ̀rọ̀, Raleigh bàbá mi àgbà ni mo ń rò. Irú èyí tí wọ́n máa ń kó wá láti Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó ti gbé kòkó, ó ti gbé iṣu, ó ti gbé màámi àti ẹ̀gbọ́n wọn pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ó ṣì wà nílé wa títí dòní. Fọwọ́ kan pẹ́dà rẹ̀, á máa yí lọ bí ẹni pé kò ní dúró mọ́.

Tẹ́lẹ̀, mo rò pé torí pé “irin àtijọ́ le” ni. Irin rẹ̀ nípọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà délé, mo bi bàbá mi àgbà bí wọ́n ṣe ṣe é. Wọ́n fi ihò kékeré kan tó ní ìdérí hàn mí lára páìpù BB. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kán ọ́ìlì sí i láti ìgbà pípẹ́. Gbogbo ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n máa ń tú u, wọ́n á fọ bọ́ọ̀lù rẹ̀, wọ́n á fi gíríìsì tuntun sí i. Àkísà ni wọ́n fi ń nù ún, wọn kì í da omi sí i. Wọ́n ní, “Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ulé ni mo ń gbé e wọ̀.” Bí Èkìtì bá gbé kẹ̀kẹ́ wọ ulé, ẹ mọ̀ pé kò sùn síta nìyẹn!

Nítorí náà, kì í ṣe pé ayé àtijọ́ dáa ju tiwa lọ. Wọ́n kàn ń tú u kó tó sunkún ni.

ÀWỌN TÓ KỌ́KỌ́ GUN MOUNTAIN BIKE

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé torí pé wọ́n ṣe mountain bike fún orí òkè, kò nílò ìtọ́jú. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní Kalifóníà, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń gbé ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ gun òkè nítòsí Mount Tamalpais, wọ́n á wá fi sáré sọ̀ kalẹ̀. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1976 ni wọ́n ṣe ìdíje àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà kan níbẹ̀. Inú irin àárín táyà ẹ̀yìn ni búréèkì àwọn kẹ̀kẹ́ náà wà. Tí wọ́n bá fi máa dé ìsàlẹ̀, ó ti gbóná débi pé gíríìsì inú rẹ̀ á jó, á máa rú èéfín. Wọ́n gbọ́dọ̀ tú u, kí wọ́n kó gíríìsì tuntun sínú rẹ̀ kí wọ́n tó tún lè gùn ún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ìdíje náà ní Repack, ìyẹn ni pé “tún gíríìsì kó sí i.”

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1977, ọ̀kan nínú wọn, Joe Breeze, bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin tuntun ṣe kẹ̀kẹ́ fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀ gan-an. Ẹ rí i báyìí? Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ mountain bike, gíríìsì ò kúrò lọ́wọ́ wọn. Àwa ni a rò pé a ò nílò rẹ̀.

ÈWO LÓ Ń PẸ́ JÙ?

Mo bi Bàbá ní ìbéèrè yìí. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ lára kẹ̀kẹ́ tí à ń gùn níbí.

Èkíní ni èyí tí mo ti ṣàlàyé, tó ní kọ́ọ̀pù àti bọ́ọ̀lù. Ó ṣeé tú, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò wọ́n. Ṣùgbọ́n bí o kò bá tọ́jú rẹ̀, omi á tètè wọ̀ ọ́.

Èkejì ni èyí tí wọ́n ti dé pa láti ilé iṣẹ́. Ásùlù àti bẹ́árìn rẹ̀ wà nínú ike tàbí irin kan, rọ́bà sì dí ẹnu bẹ́árìn náà. Omi kì í tètè wọ̀ ọ́, kò sí ohun tí o máa dì tàbí tú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá kú, ó kú nìyẹn. O máa ra odindi òmíràn ni.

Àwọn mìíràn tún wà lára kẹ̀kẹ́ olówó ńlá. Láti nǹkan bí ọdún 2003 ni ilé iṣẹ́ Shimano ti Japan ti ń ṣe oríṣi kan tí bẹ́árìn rẹ̀ jókòó síta páìpù, kí ásùlù lè nípọn sí i. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí wọn kì í yí wọlé, wọ́n kàn ń tẹ̀ wọ́n wọlé ni. N kò tíì rí irú rẹ̀ ní Ọ̀rìn.

Ìdáhùn Bàbá rèé: ẹni tó mọ̀ pé òun ò ní tú u láéláé, kó ra èyí tí wọ́n dé pa. Ẹni tó bá ṣe tán láti tú u lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kó lo oníbọ́ọ̀lù, yóò pẹ́, owó rẹ̀ á sì kéré. Oníbọ́ọ̀lù ni mo mú. Bàbá pààrọ̀ ásùlù, wọ́n sọ irin tó dà bí àgò yẹn nù, wọ́n wá fi bọ́ọ̀lù 11 lásán sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní bí bọ́ọ̀lù bá ṣe pọ̀ tó ni ẹrù ṣe ń pín tó.

Ẹ fi méjì yìí sọ́kàn tí ẹ bá fẹ́ tú u tàbí ra òmíràn. Àkọ́kọ́, lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ wa, kọ́ọ̀pù apá ọ̀tún, níbi tí ṣéènì wà, òdìkejì ló ń tú. Ọ̀nà tí ọwọ́ aago ń lọ ni ẹ máa yí i sí kó tó tú. Ẹni tí kò bá mọ̀, á máa dì í mọ́ra, á máa làágùn, á sì ba ẹnu páìpù jẹ́. Èkejì, ẹ mú ògbólógbòó dání lọ sọ́jà. Páìpù BB mountain bike lè fẹ̀ ní mílímítà 68, ó lè jẹ́ 73. Ìlà tí a fi ń yí i wọlé jẹ́ 24 nínú ínṣì kan lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n 26 ni ti Raleigh àtijọ́. Ẹni tó bá fi tipátipá yí ọ̀kan wọ inú èkejì, férémù ló ń bà jẹ́.

BÍ Ẹ ṢE LÈ YẸ TIYÍN WÒ

Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

1. Di apá pẹ́dà mú, kì í ṣe pẹ́dà fúnra rẹ̀. Tì í sọ́dọ̀ férémù, fà á síta. Bí apá kan ṣoṣo bá ń mì tí èkejì dúró, bóòtù apá náà ló tú. Tètè dì í, torí ihò apá pẹ́dà máa ń tètè gbòòrò, kò sì ní di ásùlù mú mọ́. Bí méjèèjì bá ń mì pọ̀, BB ni.

2. Yọ ṣéènì kúrò lórí irin eléyín, fi ọwọ́ yí pẹ́dà. Bó bá ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí wàhálà. Bó bá ń dún bí ẹni ń jẹ gààrí gbígbẹ, iyanrìn ti wọ̀ ọ́. Bó bá le, wọ́n ti dì í jù tàbí ó ti dípẹtà.

3. Gbé etí lé ìjókòó bí o ti ń yí i. Férémù máa ń gbé ohùn BB wá sókè. Bí o kò bá gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀, yẹ pẹ́dà àti ìjókòó wò kí o tó náwó, torí àwọn náà lè máa dún.

BÍ Ẹ ṢE LÈ TỌ́JÚ RẸ̀

Ẹ fi àkísà àti omi inú korobá fọ kẹ̀kẹ́ yín, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ tu omi sí àárín pẹ́dà tàbí àárín táyà. Ẹ gbé e wọlé lóru. Bí àyè ò bá sí, ẹ fi ọ̀rá bo ìjókòó àti ẹ̀gbẹ́ irin rẹ̀. Bí ó bá ní ihò nísàlẹ̀, ẹ fi igi ìṣáná la ojú rẹ̀. Nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró lọ́dún, àti nígbà tí ọyẹ́ bá parí, ẹ tú u, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi bọ́ọ̀lù àti gíríìsì tuntun sí i. Ẹ má fi ọ́ìlì jíjóná tí wọ́n tú nínú mọ́tò rọ́pò gíríìsì. Ó ti kó ìdọ̀tí àti èérún irin sínú, ó sì máa ń tètè ṣàn jáde.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gba àyè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, mo yẹ kẹ̀kẹ́ méje wò lábẹ́ igi máńgòrò ilé ìwé wa. Mẹ́rin nínú wọn ń mì. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ má ṣe bí mo ti ṣe. Ìdánwò ń bọ̀.

Mo ti pe Bọ̀dá mi padà. Mo sọ gbogbo bó ṣe jẹ́ fún wọn: ẹ̀rọ omi, ihò tó dí, ohùn tí mo gbọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní, “Ẹ má bínú, sà. Kẹ̀kẹ́ gidi lẹ rà.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n béèrè pé ṣé ó ti ń gun òkè báyìí. Mo ní ó ń gùn ún. Owó ìwé àbúrò mi ló kù tí mo ń dá padà díẹ̀díẹ̀, mo ń bá àwọn ará àdúgbò nu kẹ̀kẹ́ wọn, mo ń fi gíríìsì sí i.

Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìparí ẹ̀kọ́, mo máa wà lábẹ́ igi máńgòrò náà. Sípánà méjì ni mo ní, mo sì ní gíríìsì díẹ̀. Ẹ mú àkísà tiyín wá. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé wa, n ò ní gba owó lọ́wọ́ yín.